Ìwà Lẹwà: Ọ̀nà Inú Géèmù Ọkọ̀ Ojú Irin Wo Ló Jọ Ti Gidi?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Lọ́dún tó kọjá, mo gba ọ̀nà tuntun kan sórí láptọ́ọ̀pù mi fún géèmù ọkọ̀ ojú irin tí mo máa ń gbá. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó ṣe é ò gba kọ́bọ̀. Koríko ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, òjò ń ṣàn lójú gíláàsì, òkè ńláńlá wà lọ́tùn-ún lósì. Mo pe àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo ní, "Ẹ wá wo nǹkan! Èyí ò yàtọ̀ sí ti gidi rárá."

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ ojú irin kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Lọ́jọ́ kan, wọ́n wá gba fóònù wọn tí mo ń bá wọn tún ṣe, wọ́n bá mi nídìí géèmù. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń wò. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa koríko, wọn ò sọ nǹkan kan nípa òjò. Nígbà tó yá, wọ́n ní:

"Ọmọ mi, ṣé òkè lò ń gùn yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Òkè tó le gan-an ni."

"Ó dáa. Gbé iná kúrò. Má fọwọ́ kan bíréèkì. Jẹ́ ká wò ó."

Mo gbé iná kúrò. Ọkọ̀ ń lọ. Ìṣẹ́jú kan kọjá, ìṣẹ́jú méjì kọjá, eré rẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ dín. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Òkè ẹ yẹn ò fa nǹkan kan. Àwòrán ni." Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń tún ọ̀nà ṣe nínú géèmù náà. Òótọ́ ni bàbá sọ. Ẹni tó ṣe ọ̀nà yẹn ti kó òkè jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, àmọ́ irin fúnra rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ bíi tábìlì. Ojú tì mí. Mo tún rántí pé ọ̀nà àtijọ́ kan wà lórí láptọ́ọ̀pù mi tí mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé igi ibẹ̀ rí bíi páálí. Mo gbé e, mo dán an wò bákan náà. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ lórí òkè, bó ṣe yẹ kó rí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ní èrò kan, ẹni tí kò bá gbà kó bá mi jiyàn: àwọn tó ń sọ pé ọ̀nà kan jọ ti gidi nítorí koríko àti òjò ń ṣèdájọ́ aṣọ, wọn ò tíì rí ẹni tó wọ̀ ọ́. Àwọn àgbà ní ìwà lẹwà. Bí irin ṣe ń hùwà sí ọkọ̀ ni ẹwà ọ̀nà. Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé kò dìgbà tí èèyàn bá débẹ̀ kó tó lè mọ̀ ọ́n. Aago àti ìṣirò díẹ̀ ti tó.

Òkè

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀nà kan tí àwọn tó ń gbá irú géèmù yìí mọ̀ dáadáa: Settle sí Carlisle, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà lára ọ̀nà tí Microsoft Train Simulator gbé jáde lọ́dún 2001, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti tún un ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ọdún 1876 ni ọ̀nà gidi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Ó ní afárá kan ní Ribblehead tó ní ihò àrọ́ọ̀bù 24, èyí tí gbogbo èèyàn máa ń ya fọ́tò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn awakọ̀ mọ ibẹ̀ sí ni òkè tí ọkọ̀ ń gùn láti Settle lọ sí Blea Moor. Ó gùn tó nǹkan bíi máìlì 15, ó sì ń fi ẹsẹ̀ bàtà kan ga sókè nínú gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 100.

Ọ̀kan nínú 100! Lójú tiwa, òkè yẹn ò tó nǹkan, ẹ lè fi kẹ̀kẹ́ gùn ún láìmí hẹlẹ. Àmọ́ ẹ wo ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin. Ká ní ọkọ̀ kan wúwo tó tọ́ọ̀nù 400. Ẹsẹ̀ irin lórí irin kì í ní ìdíwọ́ púpọ̀, nítorí náà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, bó bá ń rọra lọ, ohun tó ń fà á sẹ́yìn kì í sábà tó ìwúwo tọ́ọ̀nù kan. Tó bá dé orí òkè 1 nínú 100, òòfà ilẹ̀ nìkan á fi ìwúwo tọ́ọ̀nù 4 fà á sẹ́yìn. Ọkọ̀ kan náà ni, àmọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ti di ìlọ́po mélòó kan.

Ibi tí ìdánwò bàbá ti wúlò rèé. Ohun tẹ́ ẹ bá jù sókè, òòfà ilẹ̀ máa ń gba mítà 9.8 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kúrò nínú eré rẹ̀, ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Lórí òkè 1 nínú 100, ìdá kan nínú 100 ìyẹn ló máa gbà, ìyẹn bíi 0.1. Láàrin ìṣẹ́jú kan, ó ti gba bíi mítà 6 láàrin ìṣẹ́jú àáyá, tó jẹ́ bíi máìlì 13 láàrin wákàtí. Torí náà, tẹ́ ẹ bá ń sá máìlì 60 lórí òkè yẹn, tẹ́ ẹ sì gbé iná kúrò, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ó yẹ kẹ́ ẹ ti já sí nǹkan bíi 47, tàbí kó tún kéré díẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́ tó ń kọlu ọkọ̀ níwájú.

Ẹ kíyè sí i pé ìwúwo ọkọ̀ ò sí nínú ìṣirò yẹn. Yálà tọ́ọ̀nù 100 ni o, yálà tọ́ọ̀nù 1,000 ni o, bákan náà ni òòfà ilẹ̀ á ṣe dín eré rẹ̀ kù. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ìdánwò yìí: ọ̀nà ló ń dán wò ní pàtàkì, kì í ṣe ọkọ̀. Bí ọkọ̀ yín bá ṣì ń sá 58 lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹni tó ṣe ọ̀nà yẹn ti tàn yín jẹ.

Ọ̀nà jíjìn

Èyí rọrùn jù. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òpó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ní gbogbo ìdá mẹ́rin máìlì. Ti ọ̀nà Settle sí Carlisle, láti St Pancras ní London ni wọ́n ti ń kà á wá. Tẹ́ ẹ bá ń sá máìlì 60 láàrin wákàtí, ìṣẹ́jú àáyá 15 gan-an ló yẹ kó wà láàrin òpó kan sí èkejì. Ẹ mú fóònù yín, ẹ ṣí aago rẹ̀, ẹ kà á. Tó bá jẹ́ 11, ẹnì kan ti gé ọ̀nà kúrú kó lè tètè parí iṣẹ́. Mi ò bínú sí ẹni tó gé e, torí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, agbára èèyàn sì ní ibi tó mọ. Àmọ́ kó sọ fún wa. Ọ̀nà tí wọ́n gé kúrú ò lè bá tàìmù gidi mu mọ́, bíréèkì tí awakọ̀ gidi ń tẹ níbì kan á ti pẹ́ jù nínú géèmù.

Ìró àti ọdún

Ẹ mọ ìró "kọ-kọ, kọ-kọ" tí gbogbo wa gbà pé ó jẹ́ ti ọkọ̀ ojú irin, àbí? Ibi tí irin kan ti pàdé èkejì ni ìró yẹn ti ń wá. Láyé àtijọ́, irin tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 60 wọ́pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ka iye ìgbà tẹ́ ẹ gbọ́ ìró náà láàrin ìṣẹ́jú àáyá 41: iye yẹn ni iye máìlì tẹ́ ẹ ń sá láàrin wákàtí. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín, ẹ ó rí i pé ó bọ́ sí i. Bí géèmù kan bá ń ṣe ìró kan náà yálà ẹ ń sá 20 tàbí 60, ariwo lásán nìyẹn.

Lóde òní, wọ́n máa ń jó irin pọ̀ di ọ̀kan gbọọrọ, ìró yẹn ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́. Ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn tó ń jiyàn nìyí: ti gidi ọdún wo? Ọ̀nà tí ọkọ̀ eléèéfín ti ọdún 1928 ń sá lórí irin tí wọ́n jó pọ̀, lábẹ́ iná signal tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lánàá, kì í ṣe ti gidi ọdún kankan. Kó tó di pé ẹ ń sọ pé ó jọ tàbí kò jọ, ẹ wo ọdún tí wọ́n ní ó jẹ́ ná.

Ṣé àwòrán ò wúlò ni?

Mo mọ ohun tí àwọn kan fẹ́ sọ: "Ṣé ká máa gbá géèmù inú òkùnkùn ni?" Rárá o. Ó níbi tí àwòrán ti ṣe pàtàkì gidi. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í jẹ́ kí awakọ̀ dá wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà tí kò tíì mọ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́ ọ̀nà náà dójú ẹ̀, kó sì fọwọ́ síwèé pé òun mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń kọ́ ni pé, tí mo bá rí afárá yìí, kí n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bíréèkì. Tí mo bá kọjá ilé yẹn, signal wà níwájú, lẹ́yìn kọ́nà. Bí afárá yẹn ò bá sí níbi tó yẹ kó wà, ọ̀nà ti bàjẹ́ lójú mi, kódà bí ewé igi bá ń dán. Àmọ́ ilé tó rí bíi páálí, tó wà níbi tó yẹ kó wà gan-an, ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ pé.

Ohun tí sátẹ́láìtì ò rí

Ibí lọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ẹlòmíì á ní, "Ṣebí Google Earth wà. Ẹnikẹ́ni lè jókòó sílé kó ṣe ọ̀nà ibikíbi." Ẹ jẹ́ ká wò ó. Lóṣù kejì ọdún 2000, ọkọ̀ òfuurufú Endeavour fi rédà wọn gíga ilẹ̀ fún ọjọ́ 11. Iṣẹ́ ńlá ni, àwọn tó ń ṣe ọ̀nà géèmù sì ń lò ó títí dòní. Àmọ́ àmì kan sí èkejì nínú rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 30. Òkè 1 nínú 100 láàrin mítà 30, sẹ̀ǹtímítà 30 péré ló fi ga. Àṣìṣe gíga inú ìwọ̀n yẹn sì lè tó mítà mélòó kan. Níbi tí igbó bá ti dí, orí igi ni rédà máa ń rí dípò ilẹ̀. Ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ kí irin lè gba àárín rẹ̀ kọjá, ó lè má hàn rárá.

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Sátẹ́láìtì ti gun orí igi jù, kò rí òkè tí bàbá mọ̀ nínú egungun wọn.

Ẹ wá wo ọ̀nà tiwa. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn lọ́dún 1901. Mìlímítà 1,067 ló wà láàrin irin méjèèjì. Èyí tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, tó gùn tó kìlómítà 157, mìlímítà 1,435 ni tiẹ̀. Ó fi mìlímítà 368 fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe ọ̀nà àtijọ́ yẹn sínú géèmù lọ́la, tó kàn gbé irin géèmù lásán tó jẹ́ 1,435 sílẹ̀, tó wá gbin ọ̀pẹ àti ògiri alámọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo wa la máa pàtẹ́wọ́, torí a ti rí ọ̀pẹ. Bàbá ò ní pàtẹ́wọ́.

Mo ti padà lọ bá wọn. Mo gbé ìwé àti bírò dání, mo sì tan fóònù mi kó máa gba ohùn sílẹ̀. Wọ́n dárúkọ ibi tí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ti máa ń yọ̀ tí òjò bá rọ̀, wọ́n sọ igi tí wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó tẹ bíréèkì, wọ́n sọ ibi tí ọkọ̀ tó kún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èèyàn lẹ́sẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀, mi ò rí i lórí máàpù kankan. Igi tí wọ́n dárúkọ yẹn, wọ́n ní wọ́n ti gé e.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀nà géèmù, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú koríko. Bí ẹ bá ní bàbá, ìyá, àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n kan tó ti ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, yálà wọ́n wa ọkọ̀ ni, yálà wọ́n ń fà signal ni, yálà wọ́n ń tún irin ṣe ni, ẹ lọ kí wọn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ra búrẹ́dì dání. Ẹ bi wọ́n pé, "Níbo ni ọkọ̀ ti máa ń wúwo?" Koríko ò ní sá lọ. Ẹ lè gbìn ín lẹ́yìn.