Ẹ Fòfin De Bátìrì Olómi

Ìjọba tó bá fẹ́ kí mẹ̀kúnnù rí iná sólà lò nílé gbọ́dọ̀ fòfin de bátìrì olómi, èyí tó ní òjé àti ásíìdì nínú. Inú ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò ní dùn sí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀.

Dumsor, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ló kọ́ ará Gánà lọ́gbọ́n sólà láàárín 2012 sí 2016. Nígbà tí owó ìrànwọ́ epo kúrò ní Nàìjíríà lọ́dún 2023, àwa náà sá tọ oòrùn. Pánẹ́ẹ̀lì kò níṣòro: ó ń lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀ gan-an. Bátìrì ló ń jẹ owó.

Bátìrì olómi 200Ah tí wọ́n ń pè ní owó pọ́ọ́kú, ìdajì agbára rẹ̀ lèèyàn lè fà tí kò bá fẹ́ kó tètè kú. Ooru tiwa tún ń pa á: bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 ju ìwọ̀n 25 tí wọ́n ṣe é fún, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín sí ìdajì. Láàárín ọdún méjì sí mẹ́rin, ẹ ó tún ra òmíràn. Bátìrì lithium 100Ah fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ kan náà, ó sì lè tó ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó ra olómi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ló rí fi pamọ́?

Ìyẹn owó àpò yín nìkan. Owó kejì, Agbogbloshie ní Accra ló san án. Létí odò Odaw níbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti àríwá Gánà, ti máa ń la bátìrì tẹ́lẹ̀, tí ásíìdì ń ṣàn sílẹ̀, tí òjé ń dàpọ̀ mọ́ eruku. Lóṣù Keje 2021, ìjọba wó ibẹ̀. Ńṣe ni iṣẹ́ ọ̀hún fọ́n ká sí àdúgbò mìíràn. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kò sí ìwọ̀n òjé tí kò léwu. Ní Thiaroye-sur-Mer, nítòsí Dakar, ọmọdé 18 kú láàárín oṣù Kọkànlá 2007 sí oṣù Kẹta 2008 nítorí òjé bátìrì àlòkù. Wọ́n ní ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Nínú ọ̀ràn yìí, ọmọ ọlọ́mọ leérú ń tọ̀.

Wọn á ní iléeṣẹ́ lè yọ́ òjé láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ bi àwọn ará Ògijo nípìnlẹ̀ Ògùn, níbi tí iléeṣẹ́ ti ń yọ́ òjé bátìrì, léèrè. Wọn á ní ọkọ̀ náà ń lo bátìrì olómi. Ti ọkọ̀ ti pọ̀ tó. Kí tilé má tún kún un. Wọn á ní tálákà kò lówó lithium. Kí ìjọba yọ owó ibodè orí rẹ̀, kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jẹ́ kí èèyàn máa san án díẹ̀díẹ̀, kí onílé sì fi gílóòbù àti fáànù bẹ̀rẹ̀; kó fa omi, kó lọ aṣọ, lọ́sàn-án tí oòrùn ń ràn.

Lithium náà yóò kú lọ́jọ́ kan. Òfin 917 tí Gánà ṣe lọ́dún 2016 ti ń bu owó lé àwọn tó ń kó ẹ̀rọ iná wọ̀lú. Kò tó. Ẹni tó tà á ni kó gbà á padà: kó gba owó ìdógò lọ́jọ́ ìtajà, kó sì san án fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé òkú bátìrì wá ní odidi, títí kan ọ̀dọ́ Agbogbloshie. Oníṣòwò tó bá kọ̀, kí ìjọba ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa.