Ipò Ọ̀gá Ilé-Ìwé Kì í Ṣe Ẹ̀bùn Ọjọ́ Pípẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Òwe yìí ló yẹ kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá fi sọ́kàn nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ yan ọ̀gá tuntun sí ilé-ìwé, pàápàá jù lọ àwọn ilé-ìwé tó wà ní abúlé àti ìgbèríko. Ní ọ̀pọ̀ ibi, iye ọdún tí tíṣà ti lò lẹ́nu iṣẹ́ àti ipele owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n máa ń wò ṣáájú ohun gbogbo. Ẹni tó bá ti pẹ́ jù, tí ìgbéga sì kàn, òun ni wọ́n máa ń fún ní ìwé pé kó lọ máa ṣe ọ̀gá. Bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń darí èèyàn tàbí kò mọ̀ ọ́n, wọn kì í sábà béèrè.

Ẹ wo ohun tó máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Tíṣà kan wà tó mọ ìṣirò kọ́ débi pé ọmọ tí orí rẹ̀ kò tètè gba nǹkan pàápàá yóò gbọ́ ọ yé. Nígbà tó di ọ̀gá àgbà, ó fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ rẹ̀ di píparí ìjà láàárín àwọn tíṣà, kíkọ lẹ́tà sí ìjọba, ṣíṣe ìṣirò owó ilé-ìwé, gbígba àlejò àwọn òbí, àti bíbá ẹni tó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ wí láìdá ogun sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ilé-ìwé ti pàdánù tíṣà rere kan, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀gá tí iṣẹ́ kò yé ni wọ́n rí gbà dípò rẹ̀. Òfò méjì nìyẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn ọmọ ló sì ń jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Lọ́dún 1969, Laurence Peter àti Raymond Hull gbé ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní The Peter Principle. Ọmọ bíbí orílẹ̀-èdè Kánádà ni Peter, ó sì ti ṣe tíṣà rí kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ohun tí ìwé náà sọ kò lọ́jú pọ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, wọ́n á gbé e ga. Bó bá tún ṣe dáadáa níbẹ̀, wọ́n á tún gbé e ga. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa gòkè títí yóò fi dé ibi tí agbára rẹ̀ kò ká mọ́. Ibẹ̀ ni ìgbéga yóò ti dúró, ibẹ̀ náà ni yóò sì jókòó sí títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì.

Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi kọ ìwé náà, ṣùgbọ́n òótọ́ wà nínú ẹ̀fẹ̀ wọn. Lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Alan Benson, Danielle Li àti Kelly Shue, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó ń bá iléeṣẹ́ tajà, ní iléeṣẹ́ tó lé ní 100. Wọ́n rí i pé ẹni tó bá tajà jù ni wọ́n sábà máa ń fi jọ̀gá. Ṣùgbọ́n bí àwọn wọ̀nyí bá di ọ̀gá tán, iṣẹ́ àwọn tó wà lábẹ́ wọn kì í dára tó ti àwọn tó wà lábẹ́ àwọn ọ̀gá mìíràn. Àwọn tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹlòmíràn pawọ́ pọ̀ ṣiṣẹ́ ló ṣe é ire.

Àwọn kan yóò sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Òótọ́ ni. Wọ́n á tún sọ pé bí wọ́n bá pa kíka ọdún tì, àwọn olóṣèlú yóò máa fi ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò wọn jọ̀gá. Ìyẹn náà kì í ṣe irọ́, ẹ̀rù rẹ̀ sì tó bà èèyàn. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má ka ọdún mọ́. Kí ọdún jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí èèyàn máa gbà wọlé, kó má jẹ́ òun nìkan ni yóò gbé e dé orí àga.

Àṣà Yorùbá pàápàá kò fi ipò ńlá lé ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ọmọ oyè tí àwọn afọbajẹ bá yàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ìpèbí, níbi tí wọ́n ti máa kọ́ ọ ní ìtàn ìlú, èèwọ̀ àti bí ọba ṣe ń bá èèyàn gbé, kó tó dé adé. Ọmọ ọba ni, ìdílé rẹ̀ ló loyè, síbẹ̀ wọ́n kọ́ ọ. Èwo wá ni ti ọ̀gá ilé-ìwé tí wọ́n ní kó lọ tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún?

Ibi tí wọ́n ti lè kọ́ wọn kò jìnnà. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NIEPA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, wà nílùú Oǹdó, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti kọ́ àwọn tó ń darí ètò ẹ̀kọ́. ASCON, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973 láti máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wà ní Tópò lẹ́bàá Badagry. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe é lófin pé kò sí ẹni tí yóò di ọ̀gá ilé-ìwé láìṣe pé ó ti gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ parí, tó sì ti ṣe igbákejì ọ̀gá tí wọ́n gbé iṣẹ́ gidi lé lọ́wọ́.

Ohun kejì ni pé kí wọ́n jẹ́ kí tíṣà rere lè gòkè láìkúrò ní kíláàsì. Ní orílẹ̀-èdè Singapore, ọ̀nà ìgbéga mẹ́ta ló wà fún tíṣà. Ẹni tó bá fẹ́ràn kíkọ́ ọmọ lè máa kọ́ wọn lọ, kí owó àti iyì rẹ̀ sì máa pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọ̀gá yóò gba ọ̀nà tirẹ̀, yóò sì fi oṣù mélòó kan kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀. Bí owó bá lè dé bá tíṣà nínú kíláàsì, kò ní máa du àga tí kò wù ú jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ náà ti wá di kánjúkánjú. Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2022 sọ ọ́ di pé tíṣà lè ṣiṣẹ́ títí di ẹni ọdún 65, tàbí kó lo 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé 60 àti 35 ni tẹ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti gba òfin yìí wọlé, ọ̀gá tí iṣẹ́ yé yóò ní àǹfààní àtiṣe rere pẹ́ sí i, èyí tí iṣẹ́ kò yé náà yóò sì pẹ́ lórí àga sí i.

Ẹ̀yin òbí àti àgbà ìlú náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Bí wọ́n bá gbé ọ̀gá tuntun wá, ẹ má kàn pa obì fún un kẹ́ ẹ sì padà sílé. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣojú ìjọba irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún un kó tó wá. Bí wọn kò bá tíì fún un ní ìkankan, ẹ ní kí wọ́n tètè rán an lọ. Kì í ṣe ọ̀tá ọ̀gá náà lẹ ń ṣe. Òun gan-an ni wọ́n ju sódò láì kọ́ ọ ní ìwẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ yín lẹ́yìn rẹ̀.