Rukiya Kò Ní Kí Á Má Lọ Sílé Ìwòsàn



Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ohùn tí àwa kò gbọ́, tí kò sì sùn lóru mọ́, kò sí ẹni tó dárúkọ ilé ìwòsàn nínú ilé wa ní Alékúwodò. Àlùjànnú ni gbogbo wa pè é. A fún un ní hàǹtú mu, a ké Kùránì sí i létí. Èmi náà wà lára àwọn tó ń ké e. Ìgbà tí a fi gbé e dé ilé ìwòsàn, owó ti tán nílé. Wọ́n ní kí a lọ dúró de dókítà ọpọlọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Oògùn tí dókítà kọ ṣiṣẹ́ o! Ó sùn, ó tún ń bá wa jẹun. Lóṣù kejì, a kò rówó ra òmíràn. Ó jáde lóru ọjọ́ kan, ọkọ̀ gbá a, ó kú.

Àwọn kan ń bi ìyá mi pé ṣé kì í ṣe tìtorí pé kò kírun mọ́ ni. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò sí, wọn kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn títí yóò fi padà. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Òun náà ló kọ́ wa pé kò sí àìsàn tí Ọlọ́hun kò dá oògùn fún. Kò yọ ti ọpọlọ sílẹ̀.

Àwọn aṣíwájú wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn tí Sultan Qalawun kọ́ sí Káírò ní 1284 ní àyè ọ̀tọ̀ fún àwọn tí orí wọn dàrú, wọn kì í sì í gbowó lọ́wọ́ aláìsàn. Tiwa ńkọ́? Lóṣù kọkànlá 2019, ọlọ́pàá kó ènìyàn 259 jáde ní ibi tí wọ́n ń pè ní ilé ìtọ́jú Ìsìláàmù ní Òjòó, Ìbàdàn. Lóṣù yẹn kan náà ni Human Rights Watch sọ pé wọ́n ń fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ de aláìsàn ọpọlọ mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà: lọ́dọ̀ àfáà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, kódà ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ojú tì mí.

Ìjọba náà jẹ̀bi. Òfin 1958 ni wọ́n ń lò títí di oṣù kìíní 2023 tí wọ́n fọwọ́ sí tuntun. Òfin tuntun kò tíì ra oògùn fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa. Arò ní Abẹ́òkúta wà láti 1954, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lówó ọkọ̀, báwo ni yóò ṣe dé ibẹ̀ láti Òṣogbo?

Ẹ̀yin àfáà ẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wá, ẹ ṣe rukiya, kí ẹ sì bá wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀rẹ́ yín kò bá sùn mọ́, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí WhatsApp.

Bí a bá kírun Jímọ̀ọ̀ tán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo fẹ́ bi ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí wa bóyá a lè yọ owó oògùn àwọn tálákà tí àìsàn ọpọlọ ń ṣe nínú sàká ọdún yìí. Ẹ bá mi bi tiyín náà.