Bàtà eré sísá kì í ṣe fàájì: ẹ̀yin tó ń gba owó ibodè, ẹ gbọ́

1/ Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Owó tí wọ́n ń gbà lórí ohun èlò eré ìdárayá tí a ń rà láti òkè òkun ti pọ̀ jù, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbà á kò sì ṣe kedere. Ìbà níbí ni mo ti ń sọ̀rọ̀, níbi tí a ti ń dá owó jọ ra bàtà fún àwọn ọmọ tó ń sáré. Ẹ kà á dópin kẹ́ ẹ tó bú mi o.

2/ Láti 2015 ni Nàìjíríà ti ń lo ìlànà owó ibodè kan náà pẹ̀lú àwọn ará ECOWAS. Ìpele márùn-ún ló ní: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjà téèyàn rà láti lò bẹ́ẹ̀, ìpele 20 ló máa ń bọ́ sí. Owó ọkọ̀ tí ẹ san, wọ́n á kọ́kọ́ rò ó mọ́ iye ọjà kí wọ́n tó yọ 20 yẹn. Lẹ́yìn náà, VAT 7.5, lórí ọjà àti lórí owó ibodè fúnra rẹ̀. Owó orí lórí owó orí!

3/ Ká ní kóòṣì kan ra spikes fún ọmọ mẹ́wàá, tí gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú owó ọkọ̀ jẹ́ $600. Owó ibodè: $120. VAT: $54. $174 ti lọ nìyẹn, a ò tíì dárúkọ àwọn owó kéékèèké tó kù. Tí a bá fi ₦1,500 ṣírò dọ́là kan, ₦261,000 ni. Òbí wo ní Òkókómaikò ló fẹ́ gbé e?

4/ Dọ́là ọ̀hún náà ńkọ́? ₦422.30 ni àwọn aṣọ́bodè fi ń ṣírò rẹ̀ kó tó di òpin June 2023. Nígbà tó fi máa di February 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Bàtà kan náà, ìdá 20 kan náà, àmọ́ owó tí à ń san ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Kò sí aṣòfin kankan tó dìbò sí i.

5/ Mo gbọ́ yín: “Ṣebí ọjà tí kò ju $300 lọ kì í san mọ́?” Òótọ́ ni. Àwọn aṣọ́bodè kéde rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ní September 8, 2025, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún. Ó dáa, mo kí wọn. Àmọ́ ta ló ṣe láǹfààní? Ẹni tó ra bàtà kan fún ara rẹ̀ ni. Kóòṣì tó ra ti ọmọ mẹ́wàá pọ̀ ti kọjá $300, òun á san. Ẹni tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ la wá ń fìyà jẹ.

6/ Ẹ̀yin oníkágò, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Iye kan lórí kílò, ẹ ní “clearing ti wà nínú ẹ̀.” Èló níbẹ̀ ló dé ọwọ́ ìjọba? Tí ọjà mi ò bá tó $300, clearing kí ni mò ń san? A ní kí ẹni tó bá wa kó ẹrù fún wa ní rísíìtì owó ibodè. Èsì ẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ ẹrù yín àbí ẹ ò fẹ́?”

7/ Àwọn kan á ní, “Ẹ ra ti ilé, owó ibodè ń dáàbò bo oníṣẹ́ ọwọ́ wa.” Mo fara mọ́ ọn fún bàtà Aba, èmi náà ń wọ̀ ọ́. Ta ló wá ń ṣe spikes? Rọ́bà páàdì tẹníìsì orí tábìlì ńkọ́? Ẹ dé Aláàbà, ẹ dé Trade Fair, èyí tẹ́ ẹ máa rí lórí àtẹ, ọkọ̀ ló gbé e wọlé. Iléeṣẹ́ tí kò tíì sí, kí lẹ fẹ́ dáàbò bò lára ẹ̀?

8/ Ẹ rántí Paris 2024: kẹ̀kẹ́ àwọn ará Jámánì ni Ese Ukpeseraye wa yá gùn. Ní Tokyo, 2021, Chukwuebuka Enekwechi ya fídíò ara rẹ̀ níbi tó ti ń fọ jẹ́sì kan ṣoṣo tó ní kó tó lọ ju irin ní àṣekágbá. Kì í ṣe owó ibodè ló fa ìyẹn, mo mọ̀. Àmọ́ tí ẹni tó dé Olympics ò bá rí irinṣẹ́, ta ló fẹ́ pèsè fún ọmọ Ọ̀jọ́? Ẹni tí kò lè fún ọmọ ní bàtà, kó má gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fún un.

9/ Ẹ má sọ pé kò ṣeé ṣe. Ní July 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn máa yọ owó ibodè lórí àgbàdo, àlìkámà àti oúnjẹ mìíràn fún 150 ọjọ́. Tí wọ́n bá fẹ́, wọ́n mọ̀nà.

10/ Ohun tí mò ń bèèrè ò ju mẹ́ta lọ. Kí National Sports Commission bá àwọn aṣọ́bodè jókòó, kí wọ́n yọ ohun èlò tí a ò ṣe nílé kúrò ní ìpele 20. Kí ẹgbẹ́ àdúgbò àti iléèwé ní $300 tiwọn lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kí oníkágò kọ owó ibodè sọ́tọ̀ lórí rísíìtì.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ní “clearing ti wà nínú ẹ̀”, ẹ ní kó fi ìwé ẹ̀ hàn yín. Ẹ bá mi RT, kó dé ọ̀dọ̀ wọn.