Àárẹ̀ Tí Oorun Kò Lè Lé Lọ

Ọ̀rọ̀ kan tí kì í jìnnà sí ẹnu wa ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí: "Ó rẹ̀ mí." Ẹni tí ó ti oko dé lè sọ ọ́, ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ náà lè sọ ọ́. Àárẹ̀ kan náà ni èdè wa pe méjèèjì. Èyí tí iṣẹ́ bá fà, oorun alẹ́ kan a máa lé e lọ. Èkejì ni mo ti ń bá gbé láti ọdún 8 sẹ́yìn, kò sì hàn lójú mi.

Àrùn Crohn ni wọ́n ń pè é. Dókítà Burrill Crohn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Leon Ginzburg àti Gordon Oppenheimer, ni wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ ní New York lọ́dún 1932, orúkọ ẹni àkọ́kọ́ sì ni ó mọ́ ọn lára. Àwọn ọmọ ogun inú ara, tí ó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà, ni wọ́n dojú ìjà kọ ìfun. Ìfun yóò wú, yóò sì dá egbò. Ó lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí, ṣùgbọ́n ìparí ìfun kékeré ni ó fẹ́ràn jù. Kì í ràn. Kò tíì sí oògùn tí ń wò ó sàn pátápátá, àmọ́ oògùn wà tí ń mú un rọlẹ̀.

Ọdún 2 kọjá kí a tó mọ orúkọ rẹ̀ lára mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tọ́jú mi fún ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Àwọn ará ilé ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n ní kí n yéé jẹ ohun dídùn, wọ́n sì ń bu àgbo fún mi. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ń mú ìfun jọ ọ́ púpọ̀, ó sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí náà n kò bínú sí dókítà tí ó fura sí ìyẹn. Ìgbà tí wọ́n ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú mi láti ìdí, tí wọ́n sì gé díẹ̀ lára ìfun fún àyẹ̀wò, ni ọ̀rọ̀ tó yé wa.

Mo bi dókítà mi pé, ibo ni agbára ń gbà lọ? Ìdáhùn rẹ̀ gùn. Egbò inú ìfun a máa ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí ojú kò ní rí, ẹ̀jẹ̀ náà a sì máa kó èròjà irin ara lọ. Ìfun tí ó wú kò sì lè fa irin tuntun mọ́ra bí ó ti yẹ. Ìparí ìfun kékeré, ibi tí àrùn yìí fẹ́ràn, ni ara ti ń gba fítámì B12 tí a fi ń ṣẹ̀dá ẹ̀jẹ̀. A lè jẹ ẹ̀dọ̀ màlúù títí, kí B12 inú rẹ̀ gba inú wa kọjá bí àlejò tí kò jókòó. Oògùn sìtẹ́rọ́ìdì tí a fi ń pa iná náà kíákíá, bí a bá lò ó pẹ́, a máa jẹ iṣan, a sì máa sọ egungun di ẹlẹgẹ́. Ẹ fi oorun tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń já mọ́ni lójú kún un. Síbẹ̀, nígbà tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé àrùn ti rọlẹ̀, àárẹ̀ ṣì lè kù. Ìyẹn ni ó ṣòro jù láti ṣàlàyé fún ẹni tí ó rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti yọ padà.

Ará Èkìtì ni ọkọ mi, ẹnu odó ni wọ́n sì ti ń wo agbára ìyàwó níbẹ̀. Kérésìmesì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí àìsàn yìí dé, n kò tíì gbé ọmọ odó sókè nígbà mẹ́wàá tí òòyì fi kọ́ mi. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ mi obìnrin rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀rọ ni yóò máa gún iyán fún ọ." Àwàdà ni, kò sí ìkà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n "ọ̀lẹ" wúwo lédè wa ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì lè mú aláìsàn fi ìtìjú ṣiṣẹ́ títí yóò fi bá ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn.

Kànga àgbàlá bàbá mi ni mo ti kọ́ ọgbọ́n tí mo ń lò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí a bá fà á gbẹ láàárọ̀, ẹrẹ̀ ni korobá yóò gbé wá nírọ̀lẹ́. Bí a bá fa ìwọ̀nba, tí a sì dúró, omi yóò sun padà. Nítorí náà, n kì í fọ aṣọ kí n tún lọ sọ́jà lọ́jọ́ kan náà. Bí a bá pè mí sí òde ìnáwó, ọjọ́ kejì rẹ̀ ti di ọjọ́ ìsinmi kí n tó ra gèlè. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 6, a máa bi mí láàárọ̀ pé, "Màmá, ṣé omi wà nínú kànga?" Bí mo bá ní ó kù díẹ̀, yóò lọ wá bàtà rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìsinmi nìkan kò tó, nítorí iṣan tí a kò lò a máa joro. Nígbà tí àrùn rọlẹ̀, tí dókítà sì fọwọ́ sí i, mo fi ìrìn ìṣẹ́jú 10 ládùúgbò bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni dídìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í, lẹ́yìn rẹ̀ ni kẹ́ẹ̀gì omi. Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tí ó kún jẹ́ nǹkan bíi kílò 5; ìdajì ni mo kọ́kọ́ ń gbé. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́rin kí ó tó kún. Ọjọ́ tí inú bá ń run mí, kẹ́ẹ̀gì wà nílẹ̀. Mọ́ínmọ́ín, ẹyin àti ẹja ni mo fi ń wá amúaradàgbà. Àgbàdo sísun kò bá mi lára mu, ó sì lè di ewu fún ẹni tí ìfun rẹ̀ ti fún. Abẹ́rẹ́ B12 ń ṣe ohun tí ẹ̀dọ̀ màlúù kò lè ṣe. Sìgá ń mú àrùn yìí le sí i, oògùn ara ríro bíi ibuprofen tí a ń rà lọ́dọ̀ oníkẹ́mísì sì lè ru ú sókè: ẹ bi dókítà kí ẹ tó gbé e mì.

Wọ́n máa ń fi Kathleen Baker, ọmọbìnrin Amẹ́ríkà tí ó ń lúwẹ̀ẹ́, gbà wá níyànjú. Àrùn Crohn ń bẹ lára rẹ̀, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà nínú ìlúwẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn oní-mítà 100 ní Rio lọ́dún 2016, ó gba wúrà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì fi ìṣẹ́jú-àáyá 58.00 ṣe èyí tí ó yá jù lágbàáyé lọ́dún 2018. Inú mi dùn sí i púpọ̀. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ẹnikẹ́ni fi wúrà rẹ̀ bi mí pé kí ló dé tí n kò lè gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta. Wọ́n dín ìdánrawò tirẹ̀ kù kí ó lè bá ara rẹ̀ mu. Apá yẹn nínú ìtàn rẹ̀ ni ó wúlò fún mi jù, òun ni wọn kì í sì í sọ.

Ní Kérésìmesì tó kọjá, èmi àti ìyàwó àbúrò ọkọ mi ti pín iṣẹ́ kí a tó kúrò nílé. Òun ni ó gún iyán. Èmi jókòó sórí àpótí, mo se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí fún ènìyàn 20. Ìyá ọkọ mi wá tọ́ ọ wò, ó ní iyọ̀ kò tó.