Ẹ Jẹ́ Kí Á Mọ Ìdí Orúkọ Wa

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Ṣùgbọ́n bí a bá wọ ilé ìwé kan ní Bódìjà tàbí ní Challenge lónìí, tí a bi ọmọ léèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ ìdílé rẹ̀, ìlú tí onítọ̀hún ti wá, àti oríkì orílẹ̀ wọn, ẹnu rẹ̀ yóò wọ̀. A kò dá ọmọ náà lẹ́bi. Nọ́ńbà ni a fi ń mọ ilé ní Bódìjà, kì í ṣe agbo ilé. Ọ̀pọ̀ baba pàápàá kò sì lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí.

Ó yẹ kí á rántí pé orúkọ ìdílé, bí a ti ń lò ó nísinsìnyí, kò tíì pẹ́ láàárín wa. Ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé àti ọ́fíìsì ìjọba ni ó sọ ọ́ di dandan. Nítorí náà ni ọmọ baba kan náà méjì fi lè lọ sí ilé ìwé, kí ọ̀kan kọ orúkọ baba wọn, kí èkejì kọ orúkọ baba baba wọn, kí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sì di àjèjì síra wọn lórí ìwé. Ẹlòmíràn fi Olú rọ́pò Ifá tàbí Ògún tí ó ṣáájú orúkọ rẹ̀; bẹ́ẹ̀ ni ó pa àmì ohun tí a mọ baba ńlá rẹ̀ sí rẹ́.

Àwọn ẹni ńlá kò yọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àjàyí ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó sì di Samuel Àjàyí Crowther. Ẹni tí ó bá fi Crowther nìkan wá orísun rẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò já sí. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897, ìran Aláàfin Abíọ́dún ni, bí orúkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. David Brown Vincent ní tirẹ̀ kọ orúkọ àjèjì sílẹ̀ ní 1894, ó di Mojọlá Agbẹ̀bí.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Nítorí àìmọ ìdí orúkọ ni ìbátan fi ń bá ìbátan ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, tí ọ̀dọ́ méjì fi lè fẹ́ràn ara wọn láìmọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n. Nígbà ìbò, àwọn kan a sì máa fi orúkọ ṣe òṣùwọ̀n, wọn a ní lágbájá kì í ṣe ọmọ onílùú. Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú, ẹ má ṣe gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láyè. Àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ni wọ́n jọ tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí 1829. Ẹni tí ó bá tọ orúkọ rẹ̀ dé ìdí ní ìlú yìí, ó di dandan kí ó bá ìlú mìíràn pàdé níbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ni a ń bẹ̀. Nígbà ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ rán ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ àgbà ilé rẹ̀, kí ó kọ orúkọ baba, baba baba, àti ìyá wọn wá, pẹ̀lú agbo ilé, oríkì, ìlú tí wọ́n ti ṣí wá, àti ìgbà tí orúkọ yí padà. Ilé àkójọ ìwé ìjọba, tí a dá sílẹ̀ ní 1954, wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, lọ́kànkán Agbowó. Ẹni tí ó bá fẹ́ wádìí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé lè dúró dè wá níbẹ̀ di ọdún tí ń bọ̀. Ìyá àgbà tí ó mọ oríkì wa lórí lè má dúró.