Ta Ló Sọ Fún Yín Pé Ó Pokùn So?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣe yìí dáadáa, ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ wa: pokùnso. Olóògbé ni olùwà rẹ̀. Tí wọ́n bá bá òkú lórí okùn ní Mówè, Ìbàfo tàbí Ìfọ̀, kí ọlọ́pàá tó dé ni àdúgbò ti ń sọ pé “ó pokùn so.” Wọ́n ti dá ẹjọ́ tán nìyẹn. (Àwa tí a ń ka ìtàn Ṣàngó ní kíláàsì mọ̀ ọ́n: àwọn kan ní ọba so, àwọn kan ní ọba kò so, títí dòní. Ta ló yẹ ọrùn wò?)

Òkú àti okùn nìkan la rí. Ẹni tó fún èèyàn lọ́rùn pa lè gbé e kọ́, kó sì bá wọn sunkún.

Ọrùn ni ká bi. Lọ́pọ̀ ìgbà, àpá okùn lára ẹni tó so máa ń gòkè lọ síbi kókó, kì í yí ọrùn po tán. Ti ẹni tí wọ́n fi okùn fún lọ́rùn sábà máa ń lọ gbọọrọ yí ọrùn ká. Àpá nìkan ò sì tó. Dókítà gbọ́dọ̀ la ọrùn ní ìpele-ìpele, kó wo gògóńgò àti egungun kékeré abẹ́ ahọ́n tí wọ́n ń pè ní hyoid. Bó kán, kò túmọ̀ sí pé wọ́n pa á dandan. Bí kò kán, kò túmọ̀ sí pé wọn ò pa á, torí ti ọ̀dọ́ ṣì máa ń rọ̀. Láti 1951 ni Prinsloo àti Gordon ti kìlọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ lè rọ́ jọ sí ọrùn lẹ́yìn ikú, kó jọ ti ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Ṣé iṣẹ́ ẹni tó yọjú lẹ́nu ọ̀nà nìyí?

Ṣùgbọ́n wọ́n á ní òkú burúkú ni, wọ́n á ṣètùtù, wọ́n á sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìtìjú ń lé ẹbí. Abala 327 òfin ìwà ọ̀daràn, tó ní kí ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lọ ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tún dá kún ẹ̀rù wọn. A ò bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ jà. Ọlọ́pàá tó gba ìwé “a ò fẹ́ àyẹ̀wò” lọ́wọ́ wọn, tó sì gba ilé lọ, là ń bá wí. Bó bá jẹ́ olóògbé ló ṣe é lóòótọ́ ńkọ́? Àyẹ̀wò yẹn náà ló máa gba ìyàwó tó wà nílé lọ́wọ́ ẹ̀sùn àwọn àna.

Ẹ ní kí òkú sinmi? Ẹ rántí Mohbad. Tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ okùn o, àmọ́ September 12, 2023 ló kú, wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún hú u ní ọjọ́ 21. Dókítà ní òkú ti ń jẹrà, òun ò lè fìdí ohun tó pa á múlẹ̀.

Ilé ìwòsàn Yunifásítì Olábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣágámù, kò jìnnà sí Mówè. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ san owó àyẹ̀wò. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń ka ìròyìn lórí rédíò, títí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀, ẹ yéé ka “ó pokùn so.” Ẹ kà á pé “wọ́n bá òkú rẹ̀ lórí okùn.”